Bí ẹ ṣe lè to ráàkì láàbù nẹ́tíwọ́ọ̀kì sínú ilé, bí mo ṣe ṣe tèmi l'Abẹ́òkúta rèé

Ráàkì ni férémù irin tá a máa ń de àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, láàbù sì ni ibi tí mo ti ń fi wọ́n kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ o. Ráàkì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ìkòkò ni màmá mi ń tò sórí ẹ̀ báyìí. Kì í ṣe ẹjọ́ wẹ́dà, ẹjọ́ mi ni. Mo lọ bá bọ̀ọ̀dá kan tó ń jó irin ládùúgbò wa ní Aṣéró, mo ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ṣe férémù oní-íǹṣì 19", torí ohun tí gbogbo ayé ń pè é nìyẹn, ráàkì oní-íǹṣì 19, bọ̀ọ̀dá gbà, wọ́n wọn íǹṣì 19 géérégé láti inú irin ọ̀tún dé inú irin òsì, wọ́n jó o, wọ́n lọ ojú ẹ̀ dán, wọ́n kùn ún ní dúdú, ó rẹwà lójú. Mo gbé súwíìṣì mi, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, débẹ̀, ló bá kọjá láàárín irin méjèèjì bí ológbò tó gba abẹ́ tábìlì kọjá, díẹ̀ ló kù kó já lé mi lẹ́sẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wò mí títí, wọ́n ní "Àbúrò, ṣebí 19 lo pè fún mi." 19 ni mo pè fún wọn lóòótọ́.

Ohun tí 19 yẹn ń wí nìyí: ìbú ojú ẹ̀rọ ni, pẹ̀lú etí ẹ̀ méjèèjì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n dè mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, láti ṣóńṣó etí kan dé ṣóńṣó etí kejì, mìlímítà 482.6. Àlàfo tí ikùn ẹ̀rọ máa gbà wọlé láàárín irin méjèèjì, mìlímítà 450 ni, tẹ́ ẹ bá ń lo íǹṣì ó jẹ́ 17 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Láti àárín ihò ọ̀tún dé àárín ihò òsì, mìlímítà 465. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà, ẹ yàwòrán ẹ̀, ẹ fún wẹ́dà, ẹ má fẹnu sọ ọ́ bíi tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ kó gbogbo ẹ̀rọ yín sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ fi tépù wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbú, gíga, àti bó ṣe jìn sẹ́yìn tó. Gíga ẹ̀rọ ráàkì, U ni wọ́n fi ń kà á, U kan jẹ́ íǹṣì 1.75, ìyẹn mìlímítà 44.45. Ohun tí mo ní nígbà yẹn ni súwíìṣì Cisco 2960 méjì, súwíìṣì Cisco 3560 kan, ráútà Cisco 2811 kan àti patch panel olójú 24 (pátákó tá a ń ti orí àwọn wáyà mọ́ kí wọ́n tó dé súwíìṣì), gbogbo ìwọ̀nyí gba U kọ̀ọ̀kan, ó ti di 5. Mo tún ní ráútà MikroTik hEX kékeré kan àti kọ̀ǹpútà kékeré kan tí mo fi ń ṣe sáfà, àwọn yìí ò létí rárá, orí pẹpẹ ni wọ́n máa jókòó, pẹpẹ náà gba U kan, àyè tó wà lókè ẹ̀ gba méjì, ó di 8. Mo wá fi mẹ́rin kún un fún afẹ́fẹ́ àti fún ohun tí mo máa rà lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ̀yin náà máa rà á, ẹ má purọ́ fúnra yín. 12U ni mo ṣe, íǹṣì 21 géérégé, ó rọrùn láti wọ̀n.

Jíjìn sẹ́yìn yẹn kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa fojú fò o. 2960 olójú 24 ò ju sẹ̀ntímítà 24 lọ sẹ́yìn, irin méjì tó wà níwájú gbé e dáadáa. Ṣùgbọ́n 2811 lé ní sẹ̀ntímítà 40, ó sì lé ní kílò mẹ́fà, tẹ́ ẹ bá fi etí níkan gbé e kọ́ sí irin iwájú, ńṣe ló máa fàdí sílẹ̀ bí ìyá arúgbó tó ń wá ìjókòó, tó bá pẹ́ etí ẹ̀ á wọ́. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí bọ̀ọ̀dá sì jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn sábẹ́ ibi tí 2811 máa wà, kó rí nǹkan jókòó lé.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ìkẹjà ni mo ti lọ rà wọ́n ní Computer Village, mo gbé wọn wọ rélùwéè láti Agége dé Láderin nínú àpò Ghana Must Go méjì. Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà kẹ́ ẹ tó sanwó: "Ṣé ó létí?" àti "Ẹ bá mi tàn án ká wò ó." Ọ̀pọ̀ súwíìṣì tòkunbọ̀ ni wọ́n ti tú etí ẹ̀ sọnù níbi tó ti ń bọ̀, etí 2960 kì í sì í fi gbogbo ìgbà bá ti ẹ̀rọ míì mu, ẹ máa wá a títí tí ẹsẹ̀ á fi máa dùn yín. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti wáyà console dání, ìyẹn wáyà tẹ́ ẹ máa fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ ẹ̀rọ láti bá a sọ̀rọ̀, kó tàn án lójú yín, kẹ́ ẹ rí i pé ó dìde débi tó ń béèrè ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì fetí sí fáánù ẹ̀. Fáánù tó bá ń ké bí ẹ̀rọ ata, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní in.

Tó bá jẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ lẹ rí, 6U tàbí 9U tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, ìyẹn náà dáa, wàhálà wẹ́dà kúrò ńbẹ̀. Ẹ ṣáà wọn inú ẹ̀, kì í ṣe ìta ẹ̀, torí èyí tí wọ́n bá pè ní 450 jíjìn sẹ́yìn, inú ẹ̀ á dín sí ìyẹn dáadáa, 2811 ò ní wọlé kẹ́ ẹ tó ti wáyà sí i lẹ́yìn.

Irin àti ihò

Irin tí mo lò ni ánńgù oní-íǹṣì kan àtààbọ̀, tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta. Ánńgù yìí ní apá méjì, ẹ mọ èyí tó ń kọjú síbo. Apá kan máa dojú kọ yín, òun la máa lu ihò sí. Apá kejì gbọ́dọ̀ wà lódìkejì sí ikùn ẹ̀rọ, lápá ìta pátápátá, tó bá wà nínú ẹ ti dí ọ̀nà nìyẹn. Ìlà tí ihò máa wà lórí ẹ̀, mìlímítà 7.5 ni láti etí inú irin náà, òun ló ń jẹ́ kí 450 àti 465 yẹn bára mu.

Ihò ló máa ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ níbí. U kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́ta. Láti orí U, ẹ sọ̀kalẹ̀ 6.35, ihò kan. Ẹ sọ̀kalẹ̀ 15.9, ihò kejì. 15.9 míì, ihò kẹta. Ó ku 6.35, U yẹn tán, òmíì bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé láti ihò kẹta U òkè sí ihò kìíní U ìsàlẹ̀ jẹ́ 12.7, ó súnmọ́ra díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, ibẹ̀ lẹ máa fi mọ ibi tí U kan ti parí tẹ́ ẹ bá ń wo ráàkì olówó gọbọi.

Ẹ má fi ihò kan wọn èyí tó kàn. Tẹ́ ẹ bá ń fi ìkíní wọn ìkejì, tẹ́ ẹ fi ìkejì wọn ìkẹta, àṣìṣe kékeré á máa gun orí ara wọn, ìdajì mìlímítà ní U kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó dé U kejìlá ó ti di mìlímítà mẹ́fà, bóòtì ò ní wọlé mọ́ láé. Orí irin ni kẹ́ ẹ ti máa wọ̀n nígbà gbogbo: orí U kejì wà ní 44.5, ìkẹta 88.9, ìkẹrin 133.4, ìkarùn-ún 177.8, bẹ́ẹ̀ lẹ máa lọ títí. Èmi sàmì sí gbogbo ẹ̀ lórí bébà gígùn kan nílé, mo ní in lọ́wọ́ kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, a fi ìṣó lu ojú àmì kọ̀ọ̀kan kí dírílì má baà yọ̀. Ọgbọ́n kejì, bọ̀ọ̀dá gan-an ló fi hàn mí: wọ́n fi kíláàǹpù di irin iwájú méjèèjì pọ̀, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, wọ́n lu ihò ọ̀tún àti tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kódà tẹ́ ẹ bá ṣìnà díẹ̀, ọ̀tún àti òsì jọ ṣìnà ni, ẹ̀rọ ò ní dagun.

Bóòtì M6 ni, ẹ lu ihò ní 6.5, kẹ́ ẹ máa fi nọ́ọ̀tì dè é lẹ́yìn. Tí wẹ́dà yín bá ní tááàpù, irin tó ń gé eyín bóòtì sínú ihò, ẹ lu 5 kó fi tááàpù M6 gé eyín síbẹ̀, ẹ ò ní nílò nọ́ọ̀tì, ìka yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é nínú òkùnkùn.

Jíjó wá kù. Iná máa ń fa irin, ohun tó wà ní 450 kó tó jó, tó bá tutù tán ó lè ti di 446. Ẹ gé pákó méjì ní 450 géérégé, ẹ há ọ̀kan sókè ọ̀kan sísàlẹ̀ láàárín irin iwájú, kí wẹ́dà kọ́kọ́ fi iná tọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, kó má tíì jó o délẹ̀. Ẹ wá ta okùn láti igun òkè ọ̀tún sí ìsàlẹ̀ òsì, ẹ tún ta á láti òkè òsì sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, tí méjèèjì bá dọ́gba férémù yín tọ́, tí kò bá dọ́gba ó ti dagun, ẹ fi òòlù gbá a padà nígbà tó ṣì rọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn kó wá jó o pa. Ẹ gbé súwíìṣì yín jìnnà o, ẹ má fi ṣe ìwọ̀n nígbà tí iná ń fò.

Kí wọ́n tó kùn ún, ẹ ní kí wọ́n lu ihò kan sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fún wáyà ẹ́ẹ̀tì tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀, kí wọ́n má kùn ibẹ̀. Ọ̀dà kì í gbé iná kọjá. Èmi gé táyà ògbólógbòó sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ha tááìsì, ariwo fáánù náà dínkù díẹ̀.

Ibi tó máa dúró

Kì í ṣe abẹ́ fèrèsé, òjò l'Abẹ́òkúta máa ń fẹ́ wọlé ní ìdábùú. Kì í ṣe yàrá tẹ́ ẹ ń sùn, 2811 ń ké. Kì í ṣe ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń sun ògiri. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ lè dúró síbẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ gbójú sókè wo sílìn bóyá àmì omi wà ńbẹ̀. Ó tán.

Iná, àti òkúta tó wà lábẹ́ wa

Iná tiwa, ẹ mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Volt 230 ló yẹ kó jẹ́. NEPA á mú un lọ, wọ́n á mú un dé, ìgbà míì tó bá dé háàfù kọ́rẹ́ǹtì ló máa gbé wá, gílóòbù á máa ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn, ìgbà míì á ya wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, ọ̀hún ló ń pa páwà súpúláì. Bí mo ṣe tò ó nìyí: láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri sí stabilizer, láti stabilizer sí UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ), láti UPS sí ẹkitẹ́ńṣọ̀n tí mo dè mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ráàkì.

Ẹkitẹ́ńṣọ̀n yẹn, ẹ fi síkúrù-dáráífà tú ìdí ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ. Èyí tó pọ̀ lọ́jà lójú ẹ̀ ní ihò mẹ́ta, ẹ ṣí i, wáyà méjì péré lẹ máa bá nínú, ihò ẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́ ni. Èmi ra wáyà oní-mẹ́ta lọ́tọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ mo sì pààrọ̀ ẹ̀.

Nọ́ńbà tó wà lára UPS, VA ni, kì í ṣe watt, ẹ má fi ọ̀kan pe èkejì. 1000VA, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé ju 600 watt lọ. 2960 kan ń jẹ nǹkan bíi 30 watt, ẹ ka ti gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìdajì ohun tí UPS lè gbé. UPS kékeré tó ní bátìrì 12 volt, 7Ah kan ṣoṣo, 84 watt-hour ló wà nínú ẹ̀ nígbà tó ṣì tuntun, tẹ́ ẹ bá gbé 150 watt lé e, kí láfún tó jinná ó ti kú. Àyè láti fi pa ẹ̀rọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni UPS wà fún, tàbí láti dúró de jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà. Ẹni tó bá ní ínfátà pẹ̀lú bátìrì 12 volt, 200Ah, ìyẹn ní 2400, ẹ lo ìdajì ẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́, 1200, ẹ pín in sí 150, wákàtí mẹ́jọ lórí bébà, mẹ́fà lójú ayé. Ẹ sì ṣọ́ra, ínfátà tí iná ẹ̀ kì í ṣe pure sine wave, UPS míì kì í gbà á, á kàn máa dún ká-ká-ká láàárín òru, á máa lo bátìrì tara ẹ̀ bí ẹni pé NEPA ò tíì mú iná dé.

Ẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́. Orúkọ ìlú wa ti sọ gbogbo ẹ̀, abẹ́ òkúta la wà, òkúta náà sì wà lábẹ́ wa. Ọmọkùnrin tó ń ṣe wáyà ilé fún wa gbé ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù ńlá lù ú lẹ́yìnkùlé, gbì, gbì, gbì, ó wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ìgbà tó yá ohùn ẹ̀ yí padà, ó di kán, kán, kán, òòlù ń ta padà sókè. Ó ti bá àpáta. Ó nu òógùn, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n fi ayùn gé èyí tó kù lókè, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ẹ má gbà o! Àrá máa mọ̀. Ọ̀pá tó wọlẹ̀ dé ìdajì kò rí ilẹ̀ tó pọ̀ tó láti ju iná sí.

Ohun tá a ṣe ni pé a gbẹ́ kòtò gígùn, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, a tọ ẹ̀gbẹ́ àpáta náà lọ dé ẹ̀yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A tẹ́ ọ̀pá náà àti wáyà bàbà tí wọn ò wé rọ́bà mọ́ sínú kòtò náà gbọọrọ, a da èédú lílọ̀ bò ó, a da omi sí i, a fi erùpẹ̀ dúdú kún un, a tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí i, ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ ń jẹ irin, ọdún díẹ̀ lẹ máa tún un gbẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe é gbé mítà ẹ́ẹ̀tì wá kó fi wọ̀n ọ́n, kó má kàn fojú wò ó. Bẹ́ ẹ ò bá mọ iná, ẹ má dán iṣẹ́ yìí wò fúnra yín.

Láti ibẹ̀, wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò lọ sí bọ́ọ̀dù iná ilé, láti bọ́ọ̀dù, òmíì wá sí ihò tá a fi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ráàkì, bóòtì, wọ́ṣà, ẹ fún un pinpin. Kí ti ráàkì àti ti ilé jẹ́ ọ̀kan náà o. Ẹni tó bá gbẹ́ ọ̀tọ̀ fún ráàkì tí kò so méjèèjì pọ̀, tí àrá bá sán, iná á máa wá ọ̀nà láti ẹ́ẹ̀tì kan lọ sí èkejì, àárín ẹ̀rọ yín ló sì máa gbà kọjá. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá ti òde wọlé, bóyá ó ti ilé kejì wá tàbí láti ara páìpù tẹ́ ẹ gbé àǹtẹ́nà sí, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń ṣú, ẹ yọ ọ́.

Títò

Ohun tó wúwo nísàlẹ̀. UPS wà ní ilẹ̀, 2811 tẹ̀ lé e lórí irin ẹ̀, àlàfo U kan, 3560, pẹpẹ fún hEX àti sáfà, àlàfo, 2960 méjèèjì, patch panel lókè pátá kí wáyà kúkúrú lè tó o láti súwíìṣì. Ẹ dè bóòtì ìsàlẹ̀ kọ́kọ́, kí ẹnì kan máa bá yín gbé e lọ́wọ́, ẹ má fún un kó le títí ẹ máa fi rí i pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé.

Wáyà

Kẹ́ ẹ tó ra odidi kátọ̀n Cat6, ẹ fi ọ̀bẹ há ara okùn kan nínú ẹ̀. Tó bá pupa dénú, bàbà ni. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn pupa ẹ rí funfun bíi ti ìkòkò àlúmíníọ́ọ̀mù, bàbà tí wọ́n fi kùn ún lásán nìyẹn, ẹ dá a padà, á máa ṣẹ́ nínú patch panel tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ètò tí mo ń lò ni T568B, láti òsì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Orí méjèèjì bákan náà. Ẹ má tú ìlọ́pọ̀ okùn náà ju íǹṣì ìdajì lọ níbi tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú patch panel, ìlọ́pọ̀ yẹn ló ń dáàbò bò ó. Gbogbo ìrìn wáyà kan ò gbọdọ̀ kọjá mítà 100, nínú ilé kò ní kọjá.

Ẹ kọ orúkọ sí orí méjèèjì wáyà kọ̀ọ̀kan, LỌ́JỌ́ tẹ́ ẹ ṣe é. Èmi ń lo pílásítà funfun ilé oògùn, bírò ń kọ ọ́n dáadáa, kì í sì í já. Mo fi ti ọjọ́ kejì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ń wá ẹni tó ni wáyà yẹ́lò kan fún wákàtí méjì.

Ooru, eruku, ọmọńlé

2960, wọ́n ní kí ooru yàrá má kọjá 45, 2811 ò fẹ́ ju 40 lọ. Oṣù kejì sí ìkẹta, ẹ kọ́ ẹ̀rọ ìwọn ooru kan sára ráàkì, ẹnu á yà yín. Fáánù tábìlì tó kọjú sí i láti ẹ̀gbẹ́ ti tó fún láàbù ilé. Ìgbà kan màmá mi rí i pé eruku ọyẹ́ ń bà lé e, àánú ṣe wọ́n, wọ́n lọ mú ògbólógbòó àdìrẹ tí wọ́n ti rà ní Ìtòkú láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni bo mọ́ínmọ́ín. Mo wọlé, fáánù 2811 ń han bí ìgbà tí bààlúù fẹ́ gbéra. Mo ní "Màmá, ẹ ṣeun, àmọ́ ó ń mí o." Wọ́n ní "Irin tó ń mí?" Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni mo wá nà sí iwájú àti ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ ń kọjá, eruku tó nípọn ń dúró síta. Nígbà ọyẹ́ mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a lọ́sẹ̀ méjìméjì. Tẹ́ ẹ bá ń fi bílówà fẹ́ ẹ, ẹ pa á, kẹ́ ẹ fi ìka di fáánù mú kó má yí.

Nẹ́ẹ̀tì yẹn tún ṣe nǹkan kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Mo ti tú 2960 kan tó ṣàdédé kú, mo bá ẹyin ọmọńlé méjì nínú ẹ̀, funfun kíní-kíní, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ páwà súpúláì níbi tó gbóná dáadáa, ìyá wọn sì wà lórí bọ́ọ̀dù, ó ti gbẹ bí ẹja panla. Gbogbo ihò tí ọmọńlé lè gbà, ẹ dí i.

Títàn án

Ẹ má tan gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wo iná ara UPS bó ṣe ń gun òkè. Ẹ ti wáyà console sí i, ẹ ṣí PuTTY, áàpù tá a fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tò ó sí 9600, 8, none, 1. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ máa ń wá pẹ̀lú ohun tí ẹni tó nì ín tẹ́lẹ̀ kọ sínú ẹ̀, tó bá ń béèrè páásíwọ̀ọ̀dù, fún 2960 ẹ di bọ́tìnnì Mode mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń ti iná sí i, fún 2811 ẹ tẹ Break láàárín ìṣẹ́jú kan tó ń dìde, kẹ́ ẹ tẹ confreg 0x2142. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ nù ún mọ́: write erase, fún súwíìṣì ẹ fi delete flash:vlan.dat kún un, reload. Tẹ́ ẹ bá lo confreg yẹn, ẹ rántí dá a padà sí 0x2102, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ sílẹ̀ lọ́la, ráútà á gbójú fò ó.

Ẹ jẹ́ kí láàbù wà lọ́tọ̀ sí wáìfáì ilé. Nọ́ńbà àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 ni ráútà ilé sábà máa ń lò, ẹ fi 10 tàbí 172.16 ṣe ti láàbù. Èmi fi wáyà kan so méjèèjì pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbàgbé pé DHCP ń ṣiṣẹ́ lórí 2811, ló bá ń pín nọ́ńbà fún gbogbo fóònù inú ilé, fóònù ń gbà á, íntánẹ́ẹ̀tì ò lọ. Àǹtí mi tó ń bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp video ló kọ́kọ́ pariwo, "Kí lo tún ń tú?" Mo sáré yọ wáyà. Láti ọjọ́ yẹn, hEX ló wà láàárín, òun ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé, òun ló sì ń fún láàbù, ohun tí mo bá bàjẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa wà.

Ó ku ìdánwò kan. Lọ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni ò lo nǹkan, ẹ yọ UPS kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ wo aago. Ẹ ka ìṣẹ́jú tó gbé e dé ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ kọ ọ́ sórí pílásítà, ẹ kọ ọjọ́ oṣù sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ráàkì. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó ti dín sí ìdajì, bátìrì ti ń lọ nìyẹn. Tèmi jẹ́ 22 nígbà tó tuntun, ó ti di 13, mo ń fowó pamọ́.